Ìràwọ̀ Ọdún 446: Ọ̀jọ̀gbọ́n Samuel Okoye àti Ẹ̀kọ́ Tí Ìmọ̀ Ìràwọ̀ Kọ́ Wa



 



Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni kí n sọ̀rọ̀ lórí ìtàn ìmọ̀ ìràwọ̀. Mo ti yan ẹnì kan tí n ó fi ṣe òpó ọ̀rọ̀ mi: Ọ̀jọ̀gbọ́n Samuel Okoye, ọmọ Nàìjíríà. Ẹlòmíràn lè ní, “Àáfà, ṣé kò sí Mùsùlùmí ni, tí ẹ fi lọ mú ọmọ Íbò tó ń jẹ́ Samuel?” Ẹ fara balẹ̀. Ẹ ó rí i pé ìtàn rẹ̀ àti ìtàn àwọn tó ń fi èdè Lárúbáwá kọ̀wé láyé àtijọ́ pàdé lórí ìràwọ̀ kan ṣoṣo.

Ìbéèrè kan tí mi ò lè dáhùn

Kí n tó wọ inú ìtàn, mo fẹ́ jẹ́wọ́ ohun kan níwájú yín. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé-kéú ní Ọ̀yọ́, tí n kò tíì dé yunifásítì, mo máa ń ṣe hìsáàbù ìràwọ̀ fún àwọn èèyàn. Ọ̀nà tí à ń gbà ṣe é kò ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ nínú yín. A ó kọ orúkọ èèyàn àti orúkọ ìyá rẹ̀ ní Lárúbáwá, a ó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀: álífù jẹ́ 1, báà jẹ́ 2, jíímù jẹ́ 3, dáàlì jẹ́ 4, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. A ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó máa yọ méjìlá-méjìlá kúrò níbẹ̀, èyí tó bá ṣẹ́kù la ó pè ní ìràwọ̀ ẹni náà nínú ilé méjìlá. Ìràwọ̀ kan á jẹ́ iná, òmíràn á jẹ́ erùpẹ̀, òmíràn á jẹ́ atẹ́gùn, òmíràn á jẹ́ omi.

Lọ́jọ́ kan, ìyá kan mú orúkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin wá, pẹ̀lú orúkọ ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ. Mo rò ó, ọ̀kan bọ́ sí iná, ọ̀kan bọ́ sí omi. Mo ní, “Ìyá, ìràwọ̀ wọn kò bára mu.” Ìyá náà dúpẹ́, ó fún mi ní sàráà, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìgbéyàwó náà kò wáyé.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, obìnrin kan kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní, “Àáfà, ẹ lè má rántí mi mọ́. Èmi ni ọmọ ìyá tó mú orúkọ wá bá yín ní Ọ̀yọ́ nígbà yẹn. Mi ò bá yín jà o, Ọlọ́hun ti fún mi ní ọkọ mìíràn. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ bi yín: kí lẹ rí lọ́jọ́ yẹn?”

Mi ò mọ ohun tí n ó sọ. Mi ò rí nǹkan kan. Mi ò tilẹ̀ gbójú sókè wo sánmọ̀ lọ́jọ́ náà. Inú yàrá ni mo jókòó sí ní ọ̀sán gangan, tí mò ń ro lẹ́tà pọ̀.

Nígbà tí mo délé, mo tún hìsáàbù náà yẹ̀ wò. Ẹ gbọ́ ohun tí mo rí. Orúkọ Yorùbá kò ní ọ̀nà kan pàtó tí à ń gbà kọ ọ́ ní Lárúbáwá. Ẹ mú orúkọ bí Àṣàkẹ́. Àáfà kan á fi álífù sí ẹ̀yìn ṣíìnì, àáfà mìíràn á fi fátíhà lásán sí i, kò ní kọ álífù. Ẹni tó bá fi álífù kún un ti fi ẹyọ kan lé iye rẹ̀ nìyẹn. Ìràwọ̀ Àṣàkẹ́ á ṣí láti ilé kan bọ́ sí ìkejì, láti atẹ́gùn bọ́ sínú omi. Ẹnì kan náà, orúkọ kan náà, àáfà méjì, ìràwọ̀ méjì! Ṣé ojú sánmọ̀ ni ìyàtọ̀ yẹn ti wá, àbí ẹnu gègé?

Ta ni Samuel Okoye?

Wọ́n bí Samuel Ejikeme Okoye ní ọdún 1939, ọmọ ìlú Amawbia ni, ní ìpínlẹ̀ Anambra òde òní. Ìbàdàn níbí ló ti kọ́ ìmọ̀ físíìsì, ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó di Yunifásítì Ìbàdàn ní 1962. Láti ibẹ̀ ló gba Yunifásítì Cambridge lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ ní 1965. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ fífi rédíò wádìí ìràwọ̀.

Ẹ má rò pé rédíò tí à ń fi gbọ́ ìròyìn ni mo ń wí o. Ọ̀pọ̀ ohun tó wà lójú sánmọ̀ kì í tan ìmọ́lẹ̀ nìkan, wọ́n tún máa ń tú ìgbì jáde, irú èyí tí rédíò ń lò. Ojú kò rí i, etí kò gbọ́ ọ. Wáyà àti irin tí wọ́n tò sórí pápá ni wọ́n fi ń gbá a mú.

Olùkọ́ Okoye ní Cambridge ni Antony Hewish. Ohun tí àwọn méjèèjì kọjú ẹ̀rọ sí ni ìkuukùu kan tó dà bí èéfín lójú sánmọ̀, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Crab Nebula. N ó máa pè é ní Ìkuukùu Akàn. Ìkuukùu yìí ni àjókù ìràwọ̀ ńlá kan tó bú gbàmù láyé àtijọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ohun tí ojú wa mọ̀ ṣàlàyé ohun tí wọ́n ṣe. Lálẹ́, ìràwọ̀ máa ń ṣẹ́jú, òṣùpá kì í ṣẹ́jú. Ìdí ni pé ìràwọ̀ rí bíńtín lójú wa, afẹ́fẹ́ sì ń ti ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Òṣùpá fẹ̀ lójú, kò lè hàn lára rẹ̀. Bákan náà ni ìgbì rédíò máa ń ṣẹ́jú tó bá gba inú afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń fẹ́ jáde lára oòrùn kọjá: ohun tó bá kéré ni yóò ṣẹ́jú. Ìkuukùu Akàn fẹ̀, kò yẹ kó ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n Hewish àti Okoye rí i pé ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń ṣẹ́jú, ohun kékeré tí ohùn rẹ̀ le ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní 1965 wọ́n gbé ohun tí wọ́n rí jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ tó ń jẹ́ Nature. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò. Wọ́n ní ẹ̀rí wà pé ohun tó ṣàrà ọ̀tọ̀ ń bẹ níbẹ̀. Orúkọ tí ẹ̀rí kò gbé, wọn kò fún un.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1967, akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn lábẹ́ Hewish, obìnrin kan tó ń jẹ́ Jocelyn Bell, rí irú ìràwọ̀ kan tó ń dún kì-kì-kì bí ọkàn èèyàn. Ní 1968 wọ́n rí i pé ọ̀kan nínú irú rẹ̀ wà ní àárín Ìkuukùu Akàn gan-an. Ohun tí Okoye àti olùkọ́ rẹ̀ ti kófìrí nìyẹn. Ìràwọ̀ náà ń yí po ní nǹkan bí ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí 20 kìlómítà lọ, kò tó ìdajì ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, síbẹ̀ ó wúwo ju oòrùn wa lọ. Sùbùhánàláàhì! Ní 1974 wọ́n fún Hewish ní ẹ̀bùn Nobel lórí ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ tó ń dún kì-kì-kì yìí.

Okoye padà wálé wá kọ́ ọmọ Nàìjíríà. Ogun abẹ́lé dé ní 1967, ó parí ní 1970. Ní 1972, ó dá ibùdó ìwádìí ìmọ̀ òfurufú sílẹ̀ ní Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka. Àwọn tó kọ́ níbẹ̀ di olùkọ́ fún ẹlòmíràn. Ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2009.

Ìràwọ̀ náà àti àwọn tó fojú rí i

Ìmọ́lẹ̀ ń sáré nǹkan bí 300,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Láti oòrùn dé ọ̀dọ̀ wa, ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré ló ń gbà. Ṣùgbọ́n láti Ìkuukùu Akàn dé ọ̀dọ̀ wa, nǹkan bí ọdún 6,500 ni. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ìbúgbàmù ìràwọ̀ náà gbéra lọ́dọ̀ rẹ̀, kò tíì sí ìlú kan ní ilẹ̀ Yorùbá, wọn kò tíì bí Ànábì Ibrahim. Ìràwọ̀ tí èèyàn ń wò lálẹ́ òní, ìròyìn àtijọ́ ló ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ìròyìn náà dé ayé wa ní oṣù keje ọdún 1054. Àwọn ará Ṣáínà kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n pè é ní ìràwọ̀ àlejò. Ó mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi rí i ní ọ̀sán fún ọjọ́ 23, kó tó di ohun tí wọ́n ń rí lálẹ́ nìkan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún méjì kó tó pòórá.

Ní ilẹ̀ Lárúbáwá ńkọ́? Oníṣègùn kan wà láti Baghdad tó ń jẹ́ Ibn Butlan. Kìrìsìtẹ́nì ni, ó sì mọ Lárúbáwá kọ. Ó wà ní Constantinople, ìlú tí à ń pè ní Istanbul lónìí, ní ọdún náà. Ó kọ ọ́ pé ní ọdún 446 Híjírà, ìràwọ̀ kan yọ ní ilé Jaozáù, èyí tí àwa oníhìsáàbù ń pè ní ilé ìbejì. Ọdún 446 yẹn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin 1054. Ó tún kọ ọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn jà ní Constantinople, wọ́n sì sin òkú 14,000 sí ilé ìsìn kan ṣoṣo nígbà tí àwọn ibi ìsìnkú yòókù ti kún.

Ta ló tọ́jú ọ̀rọ̀ yìí? Mùsùlùmí ni. Ibn Abi Usaybi'a, oníṣègùn ará Damascus tó kú ní 1270, kó ìtàn ayé àwọn oníṣègùn jọ sínú ìwé ńlá kan. Kò ní, “Kìrìsìtẹ́nì ni Ibn Butlan, ẹ jẹ́ ká fi tirẹ̀ sílẹ̀.” Ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síbẹ̀ bó ṣe bá a. Inú ìwé náà ló wà títí di 1978, tí àwọn onímọ̀ mẹ́ta fi tọ́ka sí i pé ìràwọ̀ tó di Ìkuukùu Akàn lọkùnrin yìí rí. Ẹ ò rí i bí ọ̀nà ṣe jìn tó! Kìrìsìtẹ́nì rí i, Mùsùlùmí tọ́jú rẹ̀, ọmọ Íbò tó kàwé ní Ìbàdàn wá gbọ́ ohùn àjókù rẹ̀ lẹ́yìn ọdún tó ju 900 lọ.

Irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ tún wà ṣáájú rẹ̀. Ní ọdún 396 Híjírà, ìyẹn 1006, ìràwọ̀ mìíràn yọ tó mọ́lẹ̀ ju ti 1054 lọ. Ní Íjíbítì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ali ibn Ridwan rí i. Ó kọ ọ́ pé ó tóbi tó ìlọ́po méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta Àgùàlà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ju ìdá mẹ́rin ti òṣùpá lọ díẹ̀. Ó sọ ibi tí oòrùn, òṣùpá àti àwọn ìràwọ̀ arìnkiri wà lọ́jọ́ náà, bó ti ṣe é pé gẹ́gẹ́ ni àwọn onímọ̀ òde òní fi lè sọ ọjọ́ náà: ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹrin. Ibn Ridwan yìí jẹ́ ọmọ tálákà. Nígbà èwe rẹ̀, ó máa ń jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, tó ń fi ìràwọ̀ ṣàyẹ̀wò fún èèyàn kó lè rówó jẹun. Nígbà tí mo kà á, mo rẹ́rìn-ín, ojú sì tì mí. Iṣẹ́ tèmi náà nìyẹn.

Àgùàlà kì í ṣe ajá òṣùpá

Ẹ padà sí ọ̀rọ̀ Ibn Butlan. Ohun méjì ló kọ. Ó ní ìràwọ̀ yọ, ó ní àrùn jà. Òótọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ó so wọ́n pọ̀, bí ẹni pé ìràwọ̀ ló gbé àrùn wá. Ibn Ridwan náà ṣe bẹ́ẹ̀, ó to ìyàn àti ìjà tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìràwọ̀ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìràwọ̀ náà. Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́: Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Ohun méjì lè jọ rìn lójú wa, kí ìkan má sì mọ̀ nípa ìkejì. Ibi tí ìràwọ̀ ọdún 446 wà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́fà àti ààbọ̀ kí àrùn yẹn tó jà. Kí ló kan ìràwọ̀ nínú àrùn wọn?

Ṣé ẹ rí i, ohun tí ojú wọn rí wúlò di òní. Ohun tí wọ́n rò mọ́ ọn kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ti kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí ní ọdún kẹwàá Híjírà. Ibrahim ọmọ rẹ̀ kú, ọmọ kékeré tí Mariya bí fún un. Oòrùn sì wọ òòji lọ́jọ́ náà. Àwọn èèyàn ní nítorí ikú ọmọ Ànábì ni. Ẹ jẹ́ ká rò ó dáadáa: ká ní oníjìbìtì ni, ọ̀rọ̀ yìí ni yóò fi gbé ara rẹ̀ ga. Kó tilẹ̀ dákẹ́ lásán, iyì rẹ̀ á pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú omijé lójú, ó dìde, ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àmì Ọlọ́hun ni oòrùn àti òṣùpá, pé wọn kì í wọ òòji nítorí pé ẹnì kan kú tàbí pé wọ́n bí ẹnì kan. Ó ní kí wọ́n kírun, kí wọ́n ké pe Ọlọ́hun.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2006, tí òòji oòrùn wáyé lórí ilẹ̀ Nàìjíríà, mo gbọ́ oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ládùúgbò. Àwọn kan ní ogun ń bọ̀, àwọn kan ní ọba kan ló fẹ́ wàjà. Àwa kírun òòji, a ṣe tàsíbíì, oòrùn sì padà bọ̀ sípò ní àkókò tí àwọn onímọ̀ ti sọ ṣáájú. Àwọn tó sọ àkókò yẹn kò mọ gáìbù o. Ìṣirò ni, lórí ọ̀nà tí Ọlọ́hun là fún oòrùn àti òṣùpá, tí wọn kì í yà kúrò nínú rẹ̀.

Àwọn àáfà tó gbójú sókè

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ní kí Mùsùlùmí máa sá fún ìràwọ̀. Al-Kùránì fi yé wa pé ìràwọ̀ wà fún ìtọ́sọ́nà nínú òkùnkùn ilẹ̀ àti omi. Súrà kan ń jẹ́ Ìràwọ̀, òmíràn ń jẹ́ Búrúújì. Àwọn àáfà ìṣáájú kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré.

Ẹ wo Abdur-Rahman as-Sufi, ará Rayy ní ilẹ̀ Iran, tí wọ́n bí ní 903, tó kú ní 986. Ìwé tí Ptolemy kọ lórí ìràwọ̀ ti wà nílẹ̀ fún ohun tó lé ní 800 ọdún. As-Sufi kò kàn dà á kọ. Ó jáde lálẹ́, ó ń wo ìràwọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe tó, ibi tí ìwé bá ti ṣìnà, ó tún un ṣe. Nǹkan bí 964 ló parí ìwé tirẹ̀ lórí àwòrán àwọn ìràwọ̀. Nínú rẹ̀, ó sọ pé ìkuukùu kékeré kan wà níbì kan. Kò mọ ohun tó jẹ́, kò sì dọ́gbọ́n sọ ọ́. Lónìí a mọ̀ pé agbo ìràwọ̀ tí kò lóǹkà ni, tí à ń pè ní Andromeda, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ti ń bọ̀ láti nǹkan bí mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀ ọdún. Wọ́n ti fi orúkọ as-Sufi sọ ibì kan lójú òṣùpá. Orúkọ Lárúbáwá ṣì wà lára ìràwọ̀ títí di òní: ẹni tó ń pè é ní Aldebaran, Ad-Dabaráánù ló ń pè.

Ẹ wo Ibn ash-Shatir náà, tó kú ní 1375. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ṣọ́ àkókò ìrun ní mọ́sáláásí ńlá Damascus. Inú mọ́sáláásí lọkùnrin yìí ti ń ṣe ìmọ̀ ìràwọ̀ tí àwọn òyìnbó ń ṣèwádìí lé lórí di òní.

Ẹ fi ti as-Sufi wé ti Okoye. Ọ̀kan rí ìkuukùu kékeré, ó kọ ọ́, ó dúró. Ìkejì gbọ́ ohun àjèjì nínú ìkuukùu, ó kọ ọ́, ó dúró. Ẹ̀sìn wọn yàtọ̀, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún ló wà láàárín wọn, àmọ́ ìwà amáná ni wọ́n fi ṣiṣẹ́. Èyí tí wọ́n dúró sí ló jẹ́ kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rí ibi fẹsẹ̀ lé.

Ohun tó kù sí wa lọ́wọ́

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àáfà, mo fi ara mi ṣáájú nínú ìbáwí yìí. Ẹni tó bá mú orúkọ ọmọ rẹ̀ wá, ẹ jẹ́ ká bi í nípa ìwà ọkọ, ẹ̀sìn rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ àti ìlera àwọn méjèèjì. Ẹ ní kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ọsibítù. Ìyẹn ni ohun tí ojú lè rí. Ẹ kọ́ wọn ní àdúà ìsìtíhárà, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ lé Ọlọ́hun lọ́wọ́. Ẹ má ṣe fi álífù kan tú ilé tí kò tíì kọ́ ká.

Lórí ọ̀rọ̀ oṣù Ráḿádàánì àti ti ìtúnu àwẹ̀, ìbéèrè obìnrin yẹn náà ló kàn wá. Nígbà mìíràn nínú ìlú kan náà, àwọn kan á máa túnu, àwọn kan á ṣì gbààwẹ̀. Ẹni tó bá ní òun rí oṣù, ẹ bi í: kí lo rí? Níhà wo? Lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀ tó ìṣẹ́jú mélòó? Onímọ̀ ìràwọ̀ lè sọ fún wa bóyá oṣù ti wọ̀ ṣáájú oòrùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Tó bá ti wọ̀ ṣáájú, kò sí ojú tó lè rí i. Kí ìmọ̀ máa ran ojú lọ́wọ́, kí ìjà lè dín kù láàárín wa.

Ẹ̀yin ọmọ wa ní ilé-kéú àti ní yunifásítì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìmọ̀ méjì yìí ń bára wọn jà. Ẹni tó mọ Lárúbáwá tó tún mọ físíìsì lè ka ohun tí ẹlòmíràn kò lè kà. Ìwé àwọn baba ńlá wa kún ní ilé àwọn àáfà láti Ìlọrin dé Timbuktu. Ta ló mọ ìràwọ̀ tí ẹnì kan kọ síbẹ̀, tó ń retí ọmọ tí yóò kà á?

Ní tèmi, obìnrin tó bi mí léèrè ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo padà lọ bá a nílé. Mo ní, “Ìyá, mi ò rí nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Ẹ forí jì mí.” Ó ní Ọlọ́hun ti forí jì wá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbé ìwé hìsáàbù yẹn kalẹ̀.

Kí Ọlọ́hun forí àṣìṣe wa jì wá. Kó fún wa ní ojú tó ń ríran, ọkàn tó ń rò, àti ẹnu tí kò ní sọ kọjá ohun tó mọ̀. Kó ṣe ìmọ̀ àwọn ọmọ wa ní ìmọ́lẹ̀ fún ìlú Ọ̀yọ́, fún Ògbómọ̀ṣọ́ àti fún gbogbo Nàìjíríà. Àmín.